Bí Aró Ṣe Dé Ojú Ọ̀run

Àlọ́ dé sẹ́nu ọ̀nà o, ẹ ṣílẹ̀kùn fún un.

– Ó káàbọ̀, Ìyá Àgbà. Kí ló gbé wá fún wa?

Ó gbé aṣọ wá. Aṣọ náà fẹ̀ débi pé kò sẹ́ni tó lè ká a. Ó láró lọ́sàn-án, ó kun osùn nírọ̀lẹ́, kò sì sí aláró tó lè sọ pé òun lòun rẹ ẹ́. Kí ni o?

– Ojú ọ̀run ni.

Ẹ ṣeun, orí yín pé. Ìwọ tó o fara pamọ́ sẹ́yìn yẹn, wá jókòó síwájú, àlọ́ yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi etí kan gbọ́. Ó dá lórí Ìjàpá, ọkọ Yánníbo, ó dá lórí Àgbe aláró, ó sì dá lórí ọba kan tí gbogbo yín mọ̀, tí ẹnikẹ́ni nínú yín ò sì lè tẹjú mọ́.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ọwọ́ mi. Àwẹ̀ró ni mí, aláró ni mí. Ìyá tó bí mi, aláró ni. Ìyá tó bí ìyá mi, aláró ni. Aró yìí ò ní í kúrò lọ́wọ́ mi títí tí wọn ó fi sin mí, n kò sì bẹ̀ ẹ́ kó kúrò. Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ bá funfun nínú agbo ilé yìí, àlejò ni. Mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú yín ń sọ lánàá pé omi òkun ló ń hàn lójú ọ̀run tó fi dà bí aró. Ta ló ti rí òkun rí nínú ilé yìí? Òkun ọ̀hún fúnra ẹ̀, ta ló fún un láró? Ẹ fi ara balẹ̀ kí n sọ bó ṣe rí, torí ọ̀rọ̀ ìdílé wa ni.

Nígbà kan, ojú ọ̀run ò láwọ̀ kankan. Ó dúdú lóru, ó sì dúdú lọ́sàn-án. Oòrùn ń ràn lóòótọ́, ilẹ̀ sì ń mọ́, ṣùgbọ́n béèyàn bá gbójú sókè, dúdú bí ìdí ìkòkò ló máa rí, tí Oòrùn ń dá tàn láàárín ẹ̀. Adìyẹ á jí, á jáde, á wòkè, á tún padà wọlé lọ sùn. Kò mọ̀ bóyá ilẹ̀ ti mọ́ àbí kò tíì mọ́.

Oòrùn yìí, ọba ni. Ààfin ẹ̀ wà lápá ìlà oòrùn, níbi tí ilẹ̀ parí sí lọ́hùn-ún. Àràárọ̀ ló ń jáde láàfin, alárù kan á gbé àpò ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ tẹ̀ lé e, wọn á gba òkè kọjá títí wọn ó fi dé ibodè ìwọ̀ oòrùn. Àpò náà funfun báláú, wọ́n sì máa ń so ẹnu ẹ̀ pa dan-in-dan-in. Èèwọ̀ kan ṣoṣo ni ọba yìí ní: kò gbọdọ̀ wẹ̀yìn lójú ọ̀nà, àfi tó bá dé ibodè.

Dúdú tó yí i ká yìí ń dùn ún. Ọba tó wọ ẹwù tó ń tàn yanran, tó wá ń rìn lójoojúmọ́ nínú yàrá tí wọn ò kùn, ṣé ó bójú mu? Ó ránṣẹ́ sí gbogbo ẹ̀dá ayé pé ẹni tó bá lè fún ojú ọ̀run láwọ̀, yóò máa jẹun láàfin títí ayé, kò sì ní í fọwọ́ kan ọkọ́ mọ́. Àwọn ẹranko gbìyànjú, ó tì. Lékeléke nìkan ló ṣe díẹ̀. Ó gbé ẹfun lọ sókè, ó fọ́n ọn, ìwọ̀nba sì lẹ̀ mọ́ ibì kan, ibì kan. Àwọsánmà tí ẹ ń rí dòní nìyẹn. Gbogbo ìyókù ṣì dúdú.

Nígbà náà ni Àgbe dìde. Ẹ mọ Àgbe, ẹyẹ tí ìyẹ́ ẹ̀ rí bí ẹni pé inú ìkòkò wa ló ti jáde. Àgbà tó ní Àgbe ló laró kò purọ́. Ilé ẹ̀ wà lápá ìwọ̀ oòrùn, kò jìnnà sí ibodè. Ìkòkò aró kan ṣoṣo ló ní. Ìyá ẹ̀ ló fi lé e lọ́wọ́, ìyá ìyá ẹ̀ ló sì kọ́kọ́ da ewé ẹ̀lú sínú ẹ̀. Àgbe lọ sáàfin, ó yí àpò ìmọ́lẹ̀ náà po lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé etí lé e, ó wá kúnlẹ̀.

"Kábíyèsí, funfun kì í ṣe òfìfo," ló wí. "Gbogbo àwọ̀ ló sùn sínú àpò yín yìí. Afẹ́fẹ́ ni yóò jí wọn."

Oòrùn bi í léèrè ibi tó ti mọ̀ ọ́n. Àgbe ní inú ìkòkò òun ni. Ó ní aró kì í jí nínú ìkòkò. Aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ kò tíì di nǹkan kan, ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá kàn án ló ń di aró. Ó ní kí ọba fún òun ní ọjọ́ márùn-ún, òun á rẹ aṣọ kan wá fi hàn án. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n dẹ ẹnu àpò náà díẹ̀ lókè, kí afẹ́fẹ́ lè rí ọwọ́ kì bọ̀ ọ́. Ọba tún bi í pé tí kò bá wá rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́.

Àgbe ní, "Tí kò bá rí bí mo ṣe wí, ẹ dojú ìkòkò ìyá mi délẹ̀."

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ò mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó. Ìkòkò aláró tí wọ́n bá dojú ẹ̀ délẹ̀, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ onítọ̀hún nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa gbé aṣọ fún un mọ́. Ọmọ ẹ̀ ò ní í lè jókòó ti ìkòkò náà, orúkọ ìyá ẹ̀ á sì parẹ́ láàárín àwọn aláró. Ó dá ara ẹ̀ lójú ló ṣe sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú Ìjàpá wọlé báyìí. Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ò kàn án. Ọ̀rọ̀ "máa jẹun láàfin títí ayé" ló kàn án, láti ọjọ́ tó ti gbọ́ ọ ni itọ́ ti ń dà lẹ́nu ẹ̀. Yánníbo kìlọ̀ fún un. Ó ní ẹni tí kò mọ iṣẹ́ kì í jẹ èrè ẹ̀.

"Yánníbo, iṣẹ́ pín sí méjì," ni Ìjàpá dá a lóhùn. "Ṣíṣe wà níbẹ̀, jíjẹ wà níbẹ̀. Àgbe ti ń ṣe é. Jíjẹ ló kù tí kò tíì rẹ́ni dáwọ́ lé e."

Bó ṣe lọ sílé Àgbe nìyẹn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àyà Ìjàpá sì ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò ná an ní nǹkan kan. Ó ní iṣẹ́ Ìyá Aláró wu òun, kí wọ́n jọ̀ọ́ gba òun sọ́dọ̀. Àgbe wo ọwọ́ ẹ̀, ó rí i pé ọwọ́ náà ò ṣiṣẹ́ rí, ṣùgbọ́n aláró kì í lé ẹni tó bá ní òun fẹ́ kọ́ṣẹ́. Ó gbé odó ẹ̀lú síwájú ẹ̀. Ìjàpá gún un lẹ́ẹ̀mẹwàá, ó ní ẹ̀yìn ń ro òun. Wọ́n ní kó máa da omi sórí eérú nínú àjẹrẹ, ìkòkò onìíhò tí à ń fi sẹ́ omi eérú, ó sùn lọ sídìí ẹ̀.

Nínú ilé aláró, bí aṣọ bá ń jáde nínú ìkòkò, gbogbo ará ilé á dákẹ́. Òfin ni. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ sí aṣọ, ì báà jẹ́ rere, ì báà jẹ́ burúkú, kí afẹ́fẹ́ tó kí i. Ẹ ṣáà ti rí i pé n kì í dáhùn tẹ́ ẹ bá kí mi nígbà tí mo bá ń fa aṣọ yọ. Ẹ rò pé ìgbéraga ni. Ó dáa, ìgbéraga wà níbẹ̀ díẹ̀, àmọ́ òfin ni. Àwọn ará ilé Àgbe a dúró wo aṣọ, wọn a dákẹ́ minimini. Ìjàpá wá rí i pé lásìkò yẹn gan-an, ojú ẹnikẹ́ni kì í sí nídìí ọbẹ̀. Nígbà tí gbogbo ilé bá ń wo aṣọ, òun á máa wo ọ̀lẹ̀lẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ló fi kọ́ṣẹ́ aró, kò fojú kan bí aró ṣe ń di aró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nígbà tó di ìdájí ọjọ́ karùn-ún, kí Oòrùn tó jáde láàfin, Àgbe ti aṣọ ọba bọ inú ìkòkò, ó ní kó rin dáadáa, ó wọlé lọ wẹ̀ kó tó múra ààfin. Àwòdì, ìránṣẹ́ ọba, ti dúró sẹ́nu ọ̀nà láti mú un lọ. Ìjàpá wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ní tí òun bá gbé aṣọ yìí dé ààfin ṣáájú, ta ló máa mọ̀ pé òun kọ́ lòun rẹ ẹ́? Ó ki ọwọ́ bọ ìkòkò, ó fa aṣọ yọ.

Aṣọ ọ̀hún dà bí ewé tẹ̀tẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já.

Ìjàpá wò ó, ẹnu ẹ̀ ò lè pa dé. Ó rò pé ìkòkò ti bàjẹ́. Ó rò pé Àgbe ń tan gbogbo ayé jẹ ni. Ó kọ́kọ́ bínú, torí oúnjẹ títí ayé ti ń bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá rẹ́rìn-ín músẹ́. Aṣọ tó bàjẹ́ náà wúlò, ṣebí òun ni yóò fi yẹ àga mọ́ Àgbe nídìí. Ká ní ó dúró díẹ̀ ni, ìwọ̀nba kéèyàn fi mu omi tútù, ojú ẹ̀ ì bá là. Ṣùgbọ́n ọ̀kánjúwà kì í dúró. Ó ká aṣọ náà ní tútù sínú igbá ọlọ́mọrí kan, ó bu omi aró lé e, ó dé e, ó sì fi amọ̀ dí etí ìdérí náà yíká kó má baà jò. Ó sọ fún Àwòdì pé Ìyá Aláró ní kí òun máa gbé e lọ ṣáájú. Àwòdì gbà á gbọ́, ó gbé e lé ẹ̀yìn, wọ́n fò lọ.

Iyàrá inú lọ́hùn-ún ni Ìjàpá ti bá Oòrùn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun ò wá ba ẹnikẹ́ni jẹ́, òtítọ́ ló ń dun òun. Ó ṣí ìdérí díńńkín.

"Kábíyèsí, aró Àgbe rèé. Ẹ bá mi wò ó, kí lẹ rí?"

"Ewé ni mo rí," ni Oòrùn wí.

"Ẹnu yín ló sọ ọ́ o, kì í ṣe ẹnu tèmi." Bó ṣe dé igbá náà pa padà nìyẹn, ó tún amọ̀ ẹ̀ dí.

Ó wá kó ẹjọ́ jọ. Ó ní òun ti kọ́ iṣẹ́ náà débi pé òun ti mọ̀ ọ́n ju ọ̀gá òun lọ, pé tí wọ́n bá gbé àpò ìmọ́lẹ̀ fún òun lónìí, kí oòrùn tó wọ̀, ojú ọ̀run á ti láró. Inú bí Oòrùn. Ọba tó ti fi ọjọ́ márùn-ún retí aró, tó wá rí tẹ̀tẹ̀, ẹ máa dá a lẹ́bi bí? Kì í ṣe aláró, kò mọ òfin wa. Ó ní kí Àwòdì padà lọ dojú ìkòkò Àgbe délẹ̀, ó gbé àpò lé Ìjàpá lẹ́yìn, ó sì bọ́ sọ́nà.

Ọkàn mi máa ń bàjẹ́ tí mo bá dé ibí yìí, ẹ jẹ́ kí n yára kọjá. Àwòdì dé. Ó jẹ́ iṣẹ́ ọba. Ó taari ìkòkò náà, aró ìyá, aró ìyá ìyá, gbogbo ẹ̀ ṣàn lọ sínú iyanrìn. Àwọn ará ilé sunkún. Àgbe ò sunkún. Láti àárọ̀ ló ti ń wá aṣọ ọba kiri ilé, ìgbà yẹn ló wá mọ ibi tó gbà. Ohun kan ṣoṣo ló bi Àwòdì: kí ni ọba rí? Àwòdì ní ó rí aṣọ tó dà bí tẹ̀tẹ̀. Àgbe tún bi í bóyá ohun tí wọ́n fi gbé e wà ní ṣíṣí àbí ó wà ní dídé. Àwòdì ní igbá ni, wọ́n sì fi amọ̀ dí i pa. Àgbe gbá ìró ẹ̀ mọ́dìí, ó fò lọ sápá ìlà oòrùn, ó fẹ́ bá ọba kó tó jìnnà. Àwòdì tẹ̀ lé e, nítorí ìbéèrè yẹn ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

Ìjàpá ní tiẹ̀ ń rìn lẹ́yìn Oòrùn. Ó ń fọwọ́ tẹ àpò wò. Ó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ pé nǹkan ń rìn nínú ẹ̀. Àwọn kan tóbi, wọ́n le, wọ́n dà bí osùn tí wọ́n ṣù ní ṣíṣù. Àwọn kan kéré sí ìyẹn. Èyí tó wá kúnná jù, tó kúnná ju ìyẹ̀fun lọ, ó mọ̀ pé aró nìyẹn, torí ó kúkú ti gún ẹ̀lú lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ọ̀kánjúwà mìíràn tún gbérí. Kí ni wọ́n ń fún ojú ọ̀run láró fún, nígbà tí òun lè kó gbogbo ẹ̀ pamọ́? Ẹyẹ tó bá fẹ́ ìyẹ́ tó dára, ọ̀dọ̀ òun ló máa wá dọ̀bálẹ̀. Igbá nìkan ni ìṣòro. Ẹyọ kan ló ní, aṣọ tó ti bàjẹ́ ló sì wà nínú ẹ̀.

Nísàlẹ̀ ibi tí wọ́n dé lókè yẹn, igi àràbà kan wà nílẹ̀, àwọn ẹranko ti kóra jọ sábẹ́ ẹ̀ láti wo bí ojú ọ̀run ṣe máa láwọ̀. Ìjàpá tú amọ̀ etí igbá, ó da aṣọ náà nù bí ẹni da ìdọ̀tí nù. Aṣọ bọ́ sórí ẹ̀ka àràbà, ó rọ̀ síbẹ̀. Ọba kì í wẹ̀yìn, ta ló máa rí i? Ó fi eyín dá ihò bíńtín sí ìdí àpò, ó gbé igbá sábẹ́ ẹ̀. Àwọn ṣíṣù pupa ò lè gba ihò náà jáde. Aró nìkan ló ń dà.

Ṣùgbọ́n Ìjàpá ò rántí àwọn ọmọ Afẹ́fẹ́. Ẹ̀yin náà ò rí wọn rí, wọ́n kéré ju kí ojú rí wọn lọ, wọ́n sì pọ̀ ju iyanrìn odò lọ. Láti ilẹ̀ dé òkè ni wọ́n ti ń ṣeré. Ohun tó bá tóbi jù wọ́n lọ, á kàn la àárín wọn kọjá ni, wọn ò lè rí i ṣe. Ohun tó bá kúnná ni wọ́n ń gbá kiri. Bí aró ṣe ń dà, kó tó kan igbá, ọ̀kan á gbá a sí ìkejì, ìkejì á gbá a sí ìkẹta, ó di òkè, ó di ẹ̀gbẹ́, ó di iwájú, ó di ẹ̀yìn. Ìjàpá gbé igbá, ó ń sáré kiri, ó ń fi orin bẹ̀ wọ́n. Ẹ gbè é fún mi.

Ẹ bá mi mú aró mi o,
– Ó ti lọ, afẹ́fẹ́ gbé e.
Mo bu lọ́tùn-ún, mo bu lósì,
– Ó ti lọ, afẹ́fẹ́ gbé e.
Igbá mi tóbi, igbá ò kún o,
– Ó ti lọ, afẹ́fẹ́ gbé e.
Kí ni n ó wí fún Yánníbo?
– Ó ti lọ, afẹ́fẹ́ gbé e.

Nísàlẹ̀, àwọn ẹranko gbójú sókè. Dúdú tí bàbá wọn bá, tí baba ńlá wọn bá, ń ṣí kúrò. Aró ń tàn ká, ó mọ́ lójú, ó tutù, ó dé ibi tí ojú lè rí dé. Adìyẹ jáde sí gbangba, kò wọlé mọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní Ìjàpá mà mọṣẹ́ o. Wọ́n ti ń múra láti kí i ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá nígbà tí Àgbe balẹ̀ láàárín wọn, tó rí aṣọ ẹ̀ lórí ẹ̀ka.

Omi aró ṣì ń kán lára ẹ̀, afẹ́fẹ́ ò tíì ráyè kàn án, torí náà ó ṣì dà bí ewé. Wọ́n rí i, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n ní aró Àgbe nìyẹn, wọ́n ní ẹ wo ẹ̀fọ́.

Àgbe gbọ́wọ́ sókè. "Aṣọ mi rèé," ló wí. "Ẹ dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ sọ tiẹ̀."

Wọ́n dákẹ́. Etí aṣọ náà ló kọ́kọ́ yí padà. Ó ṣókùnkùn díẹ̀, ó tún ṣókùnkùn sí i, àwọ̀ ewé ń sá lọ sí àárín, aró ń lé e. Nígbà tó yá, kò kù ju ibi tó ká mọ́ra lọ, ìyẹn náà sì di aró. Wọ́n wo aṣọ, wọ́n wo òkè. Kò sẹ́ni tó lè sọ èyí tó jinlẹ̀ jù nínú àwọn méjèèjì. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín mọ́. Àwòdì dorí kodò, ó ní ọwọ́ òun yìí lòun fi taari ìkòkò náà. Òun fúnra ẹ̀ ló ká aṣọ náà, ó gbé e, òun àti Àgbe sì tẹ̀ lé ọba lọ sápá ìwọ̀ oòrùn.

Ìrọ̀lẹ́ ti lẹ́ kí Oòrùn tó dé ibodè. Ìjàpá ti fi eyín fẹ ihò náà lójú bí ọ̀nà ṣe ń gùn, ó rò pé bó bá dà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, òun á rí díẹ̀ gbà. Aró ti tán nínú àpò. Bí ọba ṣe tẹsẹ̀ bọ ibodè, tó wẹ̀yìn, ìdí àpò já, àwọn ṣíṣù pupa tú jáde. Gbogbo ẹnu ibodè pọ́n fòò, adé ọba pọ́n, ẹwù ọba pọ́n, imú Ìjàpá náà pọ́n.

Oòrùn ò bá a wí lójú ẹsẹ̀. Ó dúró, ó ń wo ọ̀nà tó ti gbà wá. Ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò rí i nìyẹn. Aró lókè réré, pupa níwájú ẹ̀, dúdú ti lọ. Inú ẹ̀ dùn débi pé kò mọ̀ bóyá kó bínú. Ó wá bi Ìjàpá ibi tí aró inú àpò wà. Ìjàpá ní ó wà ní ìpamọ́, ó ní òun ò jẹ́ kó ṣòfò. Ó ṣí igbá. Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Ó dojú ẹ̀ kọlẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n, ó fi ìka ha ìdí ẹ̀. Aró tó wà níbi gbogbo yìí, igbá kan kì í bù ú.

Ibẹ̀ ni Àgbe bá wọn. Ó kúnlẹ̀, ó tẹ́ aṣọ ẹ̀ síwájú ọba. Ọba béèrè aṣọ wo nìyẹn. Àwòdì ní aṣọ tẹ̀tẹ̀ àárọ̀ yẹn ni, pé níṣojú òun báyìí ni afẹ́fẹ́ kí i tó fi di aró. Ọba yíjú sí Ìjàpá, ó ní kó sọ tẹnu ẹ̀.

"Kábíyèsí, afẹ́fẹ́ ló bà á jẹ́," ni Ìjàpá wí. "Ewé ni mo gbé fún yín ní tèmi."

Ọ̀rọ̀ kan ṣì rú ọba lójú. Ó ní kí ló dé tó fi jẹ́ pé aró ló wà lókè, tó sì wá jẹ́ pé ìdí ibodè ń pọ́n? Àgbe ṣàlàyé fún un. Ó ní nígbà tí ọba bá wà lórí wa gangan lọ́sàn-án, ọ̀nà kúkúrú ni ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ ń gbà la àárín àwọn ọmọ Afẹ́fẹ́ kọjá kó tó kàn wá. Ìwọ̀nba aró ni wọ́n ń gbá jáde nínú ẹ̀, òun ni wọ́n sì ń fọ́n ká gbogbo òkè. Tó bá dé ibodè, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ ló ń gbà wò wá, ọ̀nà náà gùn, àwọn ọmọ Afẹ́fẹ́ pọ̀ lójú ọ̀nà. Kí ìmọ́lẹ̀ tó dé ojú wa, wọ́n ti gba gbogbo aró lọ́wọ́ ẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Pupa tí wọn ò lè gbá ló ń bá ìrìn dé òpin. Ọba mi orí, ó pàṣẹ pé kí wọ́n má so àpò náà pa mọ́ láéláé, kí wọ́n máa kún un láràárọ̀, kó sì máa tú báyìí.

Ó wá ní kí Àgbe wá jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún òun, kó máa jẹun láàfin títí ayé.

Àgbe ò dìde. "Kábíyèsí, n kò wá jẹun," ló wí. "Ẹnu yín lẹ fi ní kí wọ́n dojú ìkòkò ìyá mi délẹ̀. Ọwọ́ yín ni mo fẹ́ kó gbé e nàró."

Ẹ gbọ́ o. Ọba kì í bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí ayé ti dáyé, ẹnikẹ́ni ò rí Oòrùn kó tẹ̀ ba rí, ó ń nàró ṣánṣán dé ibodè ẹ̀ ni, bó ṣe nàró náà ló ń wọlé. Àwòdì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń dúró de ìbínú. Ọba wo Àgbe. Ó wo aṣọ tó wà nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí adé ẹ̀ fi kan orí koríko, tó dé àgbàlá ilé Àgbe níbi tí ìkòkò ọ̀hún dojú dé sí. Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú gbogbo àwọn tó rí i nígbà tí wọ́n taari ẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e nàró. Àgbe, tó ti tẹ̀ lé e wá tó tún kúnlẹ̀ síbẹ̀, wá gbé orí sókè, ó dìde dúró.

Ìjàpá ńkọ́? Ọba ní ìwọ tó o fẹ́ kó gbogbo àwọ̀ sínú igbá, àwọ̀ kankan ò ní í lẹ̀ mọ́ ọ. Pupa tó wà nímú ẹ̀ ṣí kúrò lójú ẹsẹ̀. Ẹ wo Ìjàpá dòní, ṣé kì í ṣe àwọ̀ ẹrẹ̀ ló ní? Yánníbo wẹ̀ ẹ́ títí, ó kùn ún títí, ó fi í sílẹ̀.

Ibi tí àlọ́ mi fìdí kalẹ̀ sí rèé. Tó bá jẹ́ irọ́ ni mo pa, kí aró mi kọ̀, kó má jí lọ́la. Ṣùgbọ́n yóò jí. Ìdí nìyí tí ojú ọ̀run fi láró lọ́sàn-án: gbogbo àwọ̀ ló wà nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn, aró sì ni afẹ́fẹ́ ń gbá ká jù nínú wọn. Ìdí nìyí tó fi ń pọ́n ní ìdájí àti nírọ̀lẹ́, nígbà tí ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ bá gùn tí aró sì tán lójú ọ̀nà. Àwọn tó ti lọ kọjá ibi tí afẹ́fẹ́ parí sí sọ pé òkè ṣì dúdú lọ́hùn-ún bíi ti àtijọ́, torí kò sẹ́ni tó máa jí aró níbẹ̀.

Ìdí nìyí náà tí oòrùn fi ń tẹ̀ ba nílẹ̀ lójoojúmọ́ kó tó wọ̀. Ọba tó ń wo gbogbo ayé láti òkè, nítorí ìkòkò aláró ló ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ó ti ń bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí, ẹ wò ó lẹ́yìn ọgbà wa níbẹ̀ yẹn. Ẹ dìde, ẹ̀yin ọmọ aláró, ẹ nàró ṣánṣán. Àwa kọ́ ló kàn láti bẹ̀rẹ̀.